Ọgọ́fà Ṣọ́jà àti Ikọ́ Tó Fẹ́ Pa Mí

Ìyàwó mi ní kí n má fi orúkọ àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, pé àwọn èèyàn á ti pa ìwé dé kí wọ́n tó ka ìlà kejì. Ikọ́ ife ni. Ẹni tó bá fẹ́ pa ìwé dé, kó pa á dé. Ẹni tí mò ń kọ̀wé sí ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún láàárọ̀ yìí pé òun ló ń ṣe é, tó wá ń ro ẹni tí yóò bá òun tọ́ ọmọ. Jókòó. Èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kíkọ sáìnbọ́ọ̀dù. Ní Ìkàrẹ́, Átíìsì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ọ̀dà àti tínà tí mo fi ń là á ni mo ń fà símú láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí náà nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, tínà ni mo dá lẹ́bi. Ikọ́ gbígbẹ ni, ìdájí ló sì máa ń mú mi. Nígbà tó yá, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí lóru débi pé Sìkírá ìyàwó mi ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ bí ìyá atọ̀ọ́lé. Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì, tí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Ohun tó tì mí lójú jù níbẹ̀ ni pé èmi gan-an ni mo kọ pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí mo padà lọ gba ìtọ́jú. “Ikọ́ tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kì í ṣe ikọ́ lásán. Wá ṣe àyẹ̀wò.” Lẹ́tà pupa lórí funfun, mo tún ya ọkùnrin kan tó fọwọ́ bo ẹnu sí i. Lọ́jọ́ tí mò ń kọ ọ́, mo ti ń wúkọ́ bọ̀ láti oṣù méjì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo wúkọ́ tẹ́rùn, mo tún gun àkàbà padà, mo parí lẹ́tà tó kù, mo gba owó iṣẹ́ mi, mo lọ sílé. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni.

Kí n tó débi ti ilé ìwòsàn, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà mi, nítorí láìsí wọn, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá parí oògùn. Àgùnbánirọ̀ kan ló kó wọn wá sí Ọ̀kà ní ọdún mẹ́ta ṣáájú àìsàn yìí. Ilé ẹ̀kọ́ girama tí Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣe tíṣà ni wọ́n gbé e sí. Ọmọkùnrin náà ní páálí ńlá kan tó kún fún ṣọ́jà oníke, wọn ò ga ju ìka ọwọ́ lọ, àwọ̀ eérú ni gbogbo wọn. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń fi wọ́n jagun. Rúlà lẹ máa fi wọn ìrìn wọn, dáìsì lúdò lẹ máa dà kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó kú àti ẹni tó sá. Ó kọ́ èmi àti Kọ́lá, ó sì mọ́ wa lára. Sátidé tí mi ò bá ti níṣẹ́, mo ti wọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà nìyẹn. A ó fi òkúta àti pákó ṣe òkè, a ó jagun títí ìyàwó Kọ́lá á fi ní ká kúrò lórí tábìlì ìjẹun òun.

Nígbà tí ọmọ náà sìnlú tán, ó pín àwọn tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn fún wa, ọgọ́fà fún mi, ọgọ́fà fún Kọ́lá. Òfin kan ló fi lé wa lọ́wọ́: ṣọ́jà tí wọn ò bá tíì kùn kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì. Kọ́lá, tí kò mú búrọ́ọ̀ṣì rí láyé ẹ̀, fi oṣù mẹ́jọ kun tiẹ̀ tán. Èmi tí mò ń fi ọ̀dà jẹun, mẹ́rin péré ni mo kùn láàárín ọdún méjì. Páálí náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kọ́lá á ní, “Átíìsì, ọmọ ogun Ìkàrẹ́ ṣì wà níhòòhò o.” Ó máa ń dùn mí, àmọ́ kò dùn mí débi tí màá fi fa páálí náà yọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù, mo sì rí ẹ̀jẹ̀. Kò pọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo sáré wọ bálùwẹ̀ lọ fọ̀ ọ́ kí Sìkírá tó jí. Ó ti jí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bàbá Àmínà, ẹ wọ bàtà yín.” Ó tẹ̀ lé mi dé ilé ìwòsàn.

Tó ò bá tíì lọ, jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún ẹ. Wàá gba káàdì lójú wíńdò, wàá jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn, wọ́n á pè ẹ́, inú rẹ á dùn, wọ́n á wá ní kó o lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì míì. Wọ́n fún mi ní ike kékeré kan tó ní ìdérí, wọ́n ní kí n lọ síta níbi tí atẹ́gùn wà, kí n wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ làwọn fẹ́, kì í ṣe itọ́. Ibi tí mo ti ń gbìyànjú ẹ̀ lẹ́yìn ilé ni oníbàárà mi kan ti bá mi. Ó ní, “Átíìsì, ṣé kò sí o?” Mo ní kò sí, ògiri kan ni wọ́n fẹ́ kí n kọ nǹkan sí, mo wá wọ̀n ọ́n. Ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mò ń parọ́ ògiri.

Ẹni tó sọ èsì fún mi ni nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn oníkọ́ níbẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, “Ikọ́ ife ni. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, á pa yín. Tẹ́ ẹ bá lo oògùn ẹ̀ lóṣù mẹ́fà, lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan, á lọ. Èwo lẹ fẹ́?” Mo ní mo fẹ́ kó lọ. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ la ẹnu.” Ojú ẹ̀ ni mo ṣe gbé àkọ́kọ́ mì. Oògùn náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohun tó ná mi lówó ni ẹ̀sírè tí wọ́n fi ya àyà mi, owó ọkọ̀, ẹyin àti ẹja tí wọ́n ní kí n máa jẹ, àti iṣẹ́ tí mi ò lágbára láti ṣe. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń sá fún ilé ìwòsàn torí owó tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ìyá ìyàwó mi fi dé láti Òkè-Àgbè pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àgbo méjì. Obìnrin dáadáa ni, ó fẹ́ràn mi, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro. Ó ní, “Bàbá Àmínà, ẹ̀yin kì í ṣàìsàn. Wọ́n fi nǹkan sínú ọ̀dà yín ni. Ta ló tún ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù ládùúgbò yìí?” Ó fẹ́ kí n jáwọ́ nínú oògùn òyìnbó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí àgbo lè ráyè ṣiṣẹ́. Ó tún fẹ́ kó Sìkírá àti àwọn ọmọ lọ. Sìkírá kúnlẹ̀ fún ìyá ẹ̀, ó ní, “Màámi, ẹ ṣeun. Wọ́n ti yẹ àwọn ọmọ wò, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ilé ọkọ mi nìyí, mi ò lọ síbì kankan.” Bàbá mi, tó jẹ́ àfáà, náà gbé igò hántú tiẹ̀ dé, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì lára wàláà. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn, ó ní, “Mu ti nọ́ọ̀sì kó o tó mu tèmi.”

Nọ́ọ̀sì ní kí n dá sùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, kí n ṣí wíńdò sílẹ̀. Sìkírá bá tọ́jú yàrá ìta fún mi. Oògùn náà le. Èébì ń gbé mi, ìtọ̀ mi pọ́n bí omi sóbò, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tọ̀ títí nọ́ọ̀sì fi ní oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó dùn mí ju èébì lọ ni ti mọ́ṣáláṣí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì ti ní mi ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́, mo lọ kírun Jímọ̀. Mo ṣàlùwàlá tán, mo gbé búta sílẹ̀, ẹnì kan sì fi igi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kúrò láàárín àwọn yòókù. Mo rí i. Ó mọ̀ pé mo rí i.

Inú yàrá ìta yẹn ni mo ti fa páálí ṣọ́jà yọ, nígbà tó sú mi láti máa ka pákó àjà. Mo kọ́kọ́ wo mẹ́rin tí mo ti kùn. Ọ̀dà gúlọ́ọ̀sì tí mo fi ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù ni mo lò, ó ti ki jù, ó ti bo imú àti ojú wọn. Mo ní kí n fi tínà fọ ọ̀kan. Tínà jẹ ike náà, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì rọ. Mo dá a dùbúlẹ̀, mo ní ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ni.

Kọ́lá wá kí mi. Ó gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ wíńdò mi níta, ó jókòó, kò fọwọ́ bo imú. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ wá àti ọ̀dà ògiri olómi tó bu sínú ọmọrí igò, pupa, dúdú, búlúù, funfun. Ó ní, “Fi omi là á dáadáa. Kó fúyẹ́. Ìlọ́po méjì tó fúyẹ́ sàn ju ẹyọ kan tó ki lọ.” Èmi Átíìsì, tíṣà ìtàn ló ń kọ́ mi ní ọ̀dà. Ó tún ní, “Má kó gbogbo wọn síta. Márùn-ún ni kó o tò síwájú, kó o ti páálí padà. Kun bàtà márààrún, lẹ́yìn náà ṣòkòtò márààrún. Tó o bá ń wo ọgọ́fà, o ò ní mú búrọ́ọ̀ṣì.” Ó wá bi mí pé ìgbà wo ni oògùn máa parí. Mo sọ fún un. Ó ní, “Sátidé tó bá tẹ̀ lé e, ogun. Tí ẹyọ kan bá wà níhòòhò, mo ti borí láì da dáìsì.”

Ogun yẹn ló gbé mi dìde. Láàárọ̀, mo mu oògùn, mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Tí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n, bàtà ni mo ń kùn. Tí kò bá gbọ̀n, ojú. Nígbà tí oṣù kejì fi parí, ikọ́ ti lọ, mo ti ń jẹun bí ẹni tó wá láti oko, mo ti kun ṣọ́jà dé ẹni àádọ́ta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní oògùn oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà kí n máa lò ó nílé. Ibí yìí gan-an ni kó o fetí sí mi dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣòro. Ẹ̀rù ló ń tì ẹ́. Ìparí náà kì í ṣòro, o ti ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Àárín ni kò lẹ́ni. Ara rẹ ti yá, kò sí ẹni tó ń béèrè ẹ mọ́, oògùn ṣì kún páálí, ṣọ́jà ṣì kún páálí. Àárín yẹn ni oṣù ààwẹ̀ bá mi.

Nọ́ọ̀sì ti ní kí n máa lo oògùn láàárọ̀ kí n tó jẹun. Ọmọ àfáà ni mí. Gbogbo ẹni tó rí búta tí wọ́n fi igi tì ni mo fẹ́ fi hàn pé ara mi ti le. Mo gba ààwẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, mi ò sì lo oògùn. Sìkírá rò pé ní sààrì ni mò ń lò ó, mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gba ààwẹ̀ àti ìyìn. “Átíìsì, ìwọ náà ń gbà á? Máṣàállà.” Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi. Mo ń kọ pátákó wáàsí káàkiri Ìkàrẹ́, mi ò fọwọ́ kan ṣọ́jà kan.

A ṣe ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tán, ikọ́ padà dé. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì wo oògùn tó ṣẹ́ kù, kò pariwo. Ó ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró?” Mo ní ààwẹ̀ ni. Ó ní, “Mùsùlùmí lèmi náà, ọmọ Ọ̀kà ni mí. Ṣé ẹ ò lè lò ó kẹ́ ẹ tó jẹ sààrì ni? Ṣé ẹ ò lè béèrè ni?” Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà, ìtìjú ò sì jẹ́ kí n bi í. Ó wá sọ fún mi pé àwọn á tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi yẹ̀ wò, torí kòkòrò tí wọ́n bá fi oògùn pa láàbọ̀ lè di èyí tí oògùn náà kò ràn mọ́. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n á gbé mi lọ, ìtọ́jú náà á sì gùn, á sì le ju èyí lọ. Mo fi ọjọ́ mélòó kan dúró de èsì yẹn. Mi ò rò pé mo máa yè. Mo sunkún níṣojú Sìkírá, mo sọ òtítọ́ sààrì fún un.

Èsì dé pé oògùn ṣì ràn án, àmọ́ láti orí ìkíní ni màá ti tún un bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, “Kà á fún mi, ibi tí Ọlọ́run ti ní kí aláìsàn gbààwẹ̀.” Ó tún ní, “Ọlọ́run ní kó san án padà nígbà tí ara ẹ̀ bá yá. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí lo gbààwẹ̀ fún. Jẹ́ kí wọ́n fún ẹ ní làádá.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lójú gbogbo èèyàn, bàbá mi rìn lọ síbi tí búta mi wà lọ́tọ̀, ó pọnmi sí i, ó fi ṣàlùwàlá, ó sì gbé e padà sáàárín àwọn yòókù.

Ìgbà yẹn ni inú bí mi. Inú bí mi sí ikọ́, sí ara mi, sí gbogbo irọ́ tí mo ti pa láti ọjọ́ ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Mo mú pátákó tuntun, mo kọ ọ́ ní lẹ́tà tó ga tó ọwọ́, mo kàn án mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù: “Átíìsì ń lo oògùn ikọ́ ife. Ó ń gba iṣẹ́. Wọlé.” Ìyá ìyàwó mi sunkún nígbà tó rí i. Oníbàárà méjì kò padà wá mọ́, wọ́n lè máa lọ. Àmọ́ àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n á jókòó bí ẹni tó fẹ́ ṣe sáìnbọ́ọ̀dù, wọ́n á wá rọra béèrè pé báwo ni ikọ́ tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo mú mẹ́ta lọ bá nọ́ọ̀sì fúnra mi.

Oṣù mẹ́fà kejì kò dùn. Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo kórìíra oògùn náà, tí mo kórìíra àwọn ṣọ́jà. Ọjọ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa mu oògùn pẹ̀lú ìkórìíra, màá kun bẹ́líìtì kan ṣoṣo, ó parí. Mi ò dúró dìgbà tó bá wù mí mọ́. Sìkírá ń wo ẹnu mi láràárọ̀ bí nọ́ọ̀sì, mo sì ń là á. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oògùn parí, mo kun ojú ẹni ìkọkàndínlọ́gọ́fà àti ti ọgọ́fà. Àyẹ̀wò ìkẹyìn ní kò sí kòkòrò kankan mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí oògùn parí, tí Kọ́lá ti sún ogun wa sí, mo kó wọn sínú páálí tí mo fi aṣọ tẹ́, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà. Mo ní kí ọkọ̀ sọ̀ mí sísàlẹ̀, mo fẹsẹ̀ gun òkè dé ilé Kọ́lá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo dúró mí. Kọ́lá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tó wà níhòòhò, kò rí. A jagun láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sì nà mí. Ó nà mí débi pé ìyàwó ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Átíìsì, o ti kú tán o.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì wúkọ́.

Ọdún kẹta rèé. Mo ti tún ààwẹ̀ yẹn gbà, ti Ọlọ́run lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀gbẹ́ òsì àyà mi kò padà sípò tán, mi ò lè gbé àkàbà gígùn nìkan mọ́, mi ò sì fojú kan tínà mọ́. Pátákó mi ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo kàn yí “ń lo” padà sí “ti lo” ni. Tí oògùn rẹ bá wà níwájú rẹ báyìí, mu ti òní. Má wo ti ọ̀la, má sì pa ẹnu mọ́ lórí ohun tó yẹ kó o béèrè. Ní ti Kọ́lá, ó ṣì ń nà mí ní Sátidé méjì nínú mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń gun òkè Ọ̀kà lọ bá a kó lè nà mí.